Ẹṣin Kẹta

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, orí fóònù ọmọdé ló ti bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ lórí ọpọ́n. Ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé Odù lẹ ń retí. A ó dé ibẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ló gba ọ̀dọ̀ ẹṣin àti ewúrẹ́ kọjá.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi níbí ní Ọ̀yọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ń gbé. Láti àárọ̀ ni ọmọ yìí á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù lọ́wọ́, á máa dá nìkan rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló ń ṣe gan-an. Ó ní, "Bàbá Ọ̀yọ́, ẹṣin ni mò ń sìn." Mo ní ẹṣin kẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà, òun ti ní mọ́kànlá.

Minecraft lorúkọ gémù náà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan wà ní Ìlọrin, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, wọ́n á wá pàdé nínú ayé kan tí ẹsẹ̀ ò lè tẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹṣin bímọ, wọ́n á mú ẹṣin méjì tí ara wọn ti mọ́lé, wọ́n á fún wọn ní ápù oníwúrà tàbí kárọ́ọ̀tì oníwúrà jẹ, ọmọ dé nìyẹn. Kò sí akọ, kò sí abo níbẹ̀ o. Èyíkéyìí ló lè bá èyíkéyìí bímọ. Mo ní kí ó jẹ́ ká fo ibẹ̀ yẹn.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń mọ ẹṣin kan yàtọ̀ sí èkejì: bó ṣe ń sáré tó, bó ṣe ń fò sókè tó, àti bó ṣe lè jẹ ìyà tó kó tó kú. Mo wá bi í pé báwo lọmọ ṣe ń jogún àwọn nǹkan wọ̀nyí lára òbí. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní títí di 2023, kọ̀ǹpútà á mú eré òbí kìíní, á mú eré òbí kejì, á wá fúnra rẹ̀ fa ti ẹṣin kẹta yọ, ẹṣin tí kò sí níbì kankan, tí ojú ẹnikẹ́ni ò rí rí. Á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á pín in sọ́nà mẹ́ta. Èyí tó bá jáde ni ti ọmọ. Nítorí ẹṣin kẹta yìí, bí o bá fi ẹṣin méjì tó sáré jù lọ bímọ, ọmọ wọn sábà máa ń rẹlẹ̀ sí wọn. Ní 2023 làwọn tó ni gémù náà yí ìṣirò yẹn padà. Òbí méjèèjì nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ báyìí, ọmọ lè sún sókè díẹ̀, ó lè sún sísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì lè ta òbí rẹ̀ yọ.

Inú rẹ̀ dùn gan-an bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá Ọ̀yọ́, ẹṣin kẹta yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́ tẹ́lẹ̀."

Mi ò sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe torí ẹṣin. Torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹṣin gidi kúrò ńlẹ̀, torí àwa ará Ọ̀yọ́ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹṣin ká dákẹ́. Ẹṣin la fi jagun, ẹṣin la fi gba ìṣákọ́lẹ̀. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, nígbà ayé Aláàfin Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin ló ń wà lẹ́yìn ogun. Ṣùgbọ́n ibo lẹṣin yẹn ti ń wá? Òkè ọ̀hún ni, lọ́nà Tápà àti ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀yọ́ ń rà á ni. Ẹṣin gíga tó bá sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí igbó ti ń ki, kì í pẹ́ láyé. Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní tsetse, òun ló ń ta kòkòrò sí wọn lẹ́jẹ̀, ẹṣin á máa rù, á máa rù, títí yóò fi wó. Àwọn ẹran tó wà níhìn-ín tí wọ́n ń farada àrùn yẹn, ẹ ò ní bojú wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: ewúrẹ́ wa kúkúrú wọ̀nyí, àti màlúù kékeré tí wọ́n ń pè ní Muturu. Bí wọ́n bá ní kí ọba yan ẹran nígbà náà, gíga ni yóò yàn. Kúkúrú ni ilẹ̀ yàn.

Mo fi èyí sílẹ̀ síbẹ̀ ná.

Àbúrò mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹran ló ń sìn. Ewúrẹ́, adìẹ, ó tún ní àwọn ẹyẹlé kan. Ẹni tó mọ ìran ẹran ni. Òbúkọ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀; bó bá ti rí i pé àwọn ọmọ tí òbúkọ bí ti ń dàgbà tó ẹni tí ń gbé oyún, á tà á, á ra òmíràn láti ọ̀nà jíjìn, kí bàbá má bàa gun ọmọ. Bí ewúrẹ́ kan bá bí ọmọ tó jẹ́ aláìlera lẹ́ẹ̀mejì, á mọ irú òbúkọ tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn mọ́. Kò kọ ọ́ sínú ìwé. Orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Adìẹ òpìpì tó bá hù láàárín adìẹ rẹ̀, èmi ló máa ń tà á fún, torí kò fẹ́ kí irú rẹ̀ pọ̀, èmi sì ní iṣẹ́ tí mo fi ń ṣe. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbọ́n jù ú lọ. Ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ara adìẹ ìbílẹ̀ wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yàn, wọ́n ń dà á pọ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún, kí wọ́n tó fi FUNAAB Alpha sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 2018. Adìẹ tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láìní ìyẹ́, tí àwọn èèyàn ń fojú burúkú wò lọ́jà, àwọn onímọ̀ ti rí i pé ooru kì í mú un tó bó ṣe ń mú àwọn yòókù. Ohun tó jọ àbùkù lójú ẹni tó fẹ́ rà á, ààbò ni lójú oòrùn.

Ọkùnrin tó mọ ẹran báyìí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó. Àbúrò mi ti di onígbàgbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìjọ tí wọn yóò ti so wọ́n pọ̀ ní kí tọkùnrin tobìnrin lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èsì dé: AS ni obìnrin, AS ni ọkùnrin. Ìjọ ní àwọn ò ní lè so wọ́n pọ̀. Ni àbúrò mi bá gun ọkọ̀ wá sí Ọ̀yọ́, ẹni tí kò wọ iyàrá Ifá mi láti bí ogún ọdún, ó jókòó lórí ẹní, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ mi kì í ṣe ewúrẹ́."

Ẹ wò ó, mo lóye rẹ̀. Ẹni tó ń yan ẹran mọ ohun tí yíyàn jẹ́. Ó mọ̀ pé èyí tí kò bá wúlò, ọ̀bẹ ni. Bó ṣe wá gbọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà méjì ka ọmọ rẹ̀, ẹran inú ọgbà rẹ̀ ló rí. Kò sì fẹ́ kí ọmọ òun wọ inú ọgbà yẹn.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ AS, AS, tí kò yé yín dáadáa, ẹ mú owó ẹyọ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá, ọ̀kan jẹ́ ti ìyá. Ẹni tó jẹ́ AS, ojú kan ẹyọ rẹ̀ jẹ́ A, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ S. Nígbà tí oyún bá fẹ́ dúró, bàbá á da tirẹ̀ sílẹ̀, ìyá á da tirẹ̀ sílẹ̀. Bí méjèèjì bá ṣíjú, AA ni ọmọ. Bí ọ̀kan bá ṣíjú tí èkejì dojú dé, AS ni, bíi ti àwọn òbí rẹ̀. Bí méjèèjì bá dojú dé, SS nìyẹn, àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rè é: wọ́n rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Rárá o. Ẹyọ ò ní ìrántí. Gbogbo oyún ni wọ́n ń da méjèèjì sílẹ̀ lákọ̀tun. A rí tọkọtaya tó bí mẹ́rin tí kò sí SS kan níbẹ̀, a sì rí èyí tó bí mẹ́ta tó jẹ́ SS lé ara wọn.

Kí wá ló dé tí S pọ̀ tó báyìí láàárín wa, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS? Ní 1954, dókítà kan, Anthony Allison, tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, kọ ọ́ jáde pé ibà kì í pa ọmọ tó jẹ́ AS bó ṣe ń pa ọmọ tó jẹ́ AA. Ẹyọ kan tó dojú dé, ààbò ni. Méjì tó dojú dé, ìrora ni. Ewúrẹ́ kúkúrú àti adìẹ ọrùn híhò náà ló tún dé. Ẹ̀fọn pọ̀ nílẹ̀ yìí láti ayébáyé, ilẹ̀ ló yàn fún wa.

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ò yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò rí. Òun tàbí ìyàwó rẹ̀ ló ní S tí ọmọ wọn gbé. Mo sọ fún un. Ó ní òun mọ̀.

Mo dá Ifá. Ogbègúndá ló hù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Odù, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ṣùgbọ́n fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀. Ojú Odù mẹ́rìndínlógún ló wà, láti Èjì Ogbè títí dé Ọ̀fún Méjì. Igba ó lé ogójì tó kù, ọmọ Odù ni wọ́n, àmúlù, ẹsẹ̀ ọ̀tún láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì láti ọ̀dọ̀ òmíràn. Ogbègúndá mú Ogbè lọ́tùn-ún, ó mú Ògúndá lósì. Ọmọ Ogbè ni, ọmọ Ògúndá sì ni, ẹni tó bá wo ìlà rẹ̀ lórí ọpọ́n yóò rí òbí méjèèjì. Síbẹ̀, ẹni tó mọ Èjì Ogbè dáadáa, tó mọ Ògúndá Méjì dáadáa, kò tíì mọ Ogbègúndá. Yóò tún lọ kọ́ ọ ni. Ẹ sì yí i padà, kí Ògúndá wà lọ́tùn-ún, kí Ogbè wà lósì: òbí kan náà, ọmọ ọ̀tọ̀. Ohun kan wà nínú ọmọ Odù tí kò tọwọ́ Ogbè wá, tí kò tọwọ́ Ògúndá wá. Nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìyẹ̀rosùn ni ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Ẹṣin kẹta.

Inú Ogbègúndá la ti gbọ́ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá. Oríṣẹ́ẹ̀kú, ọmọ Ògún. Oríléémèrè, ọmọ Ìja. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ yà síbì kankan lọ́nà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ pa àṣẹ mọ́, wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn ò bá a nílé, wọ́n sì fúnra wọn gbé orí tó wù wọ́n lójú. Orí náà dára ní wíwò. Àmọ̀ tí kò jiná ni. Òjò pa á bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé ayé, ó ń rọ́, ó ń ya. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un níbẹ̀, wọ́n di iyọ̀ àti owó fún un lọ́nà. Iyọ̀ ló fi mú ọ̀rẹ́ ní ẹnu ọ̀nà, owó ló fi san gbèsè Àjàlá, tó sá pamọ́ sórí àjà nítorí olówó rẹ̀. Àjàlá wá bá a yan èyí tó jiná.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa láti kékeré ni pé orí la ń yàn, kò sóhun tí òbí lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Ògún ni bàbá ẹnìkan, Ìja ni bàbá ẹnìkejì, agbára wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀rúnmìlà ò fún Afùwàpẹ́ ní orí, kò lè fún un. Iyọ̀ àti owó ló fún un. Ohun tí bàbá mọ̀, tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló dì fún ọmọ. Orí ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ. Bí mo ṣe rí i nìyẹn. Bí àwọn àgbà mi bá ní mo ṣì í gbọ́, ẹ sọ fún mi.

Mo wá sọ fún àbúrò mi pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò, iyọ̀ ni. Kì í ṣe orí. Ohun tí a mọ̀ ni, ó sì yẹ ká dì í fún ọmọ lọ́nà, kí a má fi pamọ́. Kò dáhùn. Ó ní, "Ifá wá sọ pé kí wọ́n má fẹ́ra?" Mo ní Ifá ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní Ifá ní kí wọ́n yà béèrè.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí n kò fi lè sọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ó lé ní ogún ọdún báyìí, tọkọtaya kan wá bá mi, ọmọ wọn àkọ́kọ́ ti kú. Mo dá Ifá, ire ọmọ ló jáde. Mo ní kò séwu, àbíkú ló ń bá wọn jà, mo ṣe ohun tí bàbá mi kọ́ mi. Ọmọ kejì dé, èmi ni mo sọ ọ́ ní Málọmọ́. Málọmọ́ lọ. Kò tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ifá ò parọ́ fún mi o, ire ọmọ ló sọ, ọmọ sì wá. Èmi ni mi ò béèrè ohun kankan nípa ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì tó jókòó níwájú mi, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn ní ọsibítù tí kò jìnnà sílé mi nígbà náà. Ọwọ́ ni wọ́n nà sí mi, mo sì gba owó wọn. Láti ìgbà yẹn, bí àwọn méjì bá wá béèrè ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́dọ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, kí n tó na ọwọ́ sí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Àwọn kan ní mo ti ń ṣe bí òyìnbó. Kí wọ́n máa wí.

(Ẹ ó bi mí pé ewé ńkọ́. Ewé wà. Láti ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá, Ògúnyalé, ni àwọn onímọ̀ NIPRD ní Àbújá ti gba ìpìlẹ̀ oògùn tí wọ́n pè ní Niprisan. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà níbẹ̀. A dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ewé tó ń yí ẹyọ padà lẹ́yìn tó ti balẹ̀, ẹni tó bá ní òun ní in, ẹ sá fún un.)

Tọkọtaya yẹn bí ọmọ kẹta, obìnrin. SS ni òun náà. Ó gbé. Ó ti wọ yunifásítì báyìí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà ọdún Ifá, mo dìde láàárín àwọn ọ̀dọ́, mo ń bá wọn wí gidigidi lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, mo ní AS àti AS ò gbọdọ̀ súnmọ́ra, mo ní ẹni tó bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú líla ti ṣẹ̀. Ọmọbìnrin yìí jókòó níbẹ̀. Nígbà tí ìjókòó tú, ó wá kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹ sọ yẹn, ṣé ìbá sàn kí n má wá ni?"

Mo ní n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ sà. Ẹ rò pé àìsàn lẹ ń bá wí, ara mi lẹ ń bá wí." Kò bínú. Ó ṣe bí ẹni tó ń tọ́ àgbàlagbà sọ́nà, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Torí bí n kò bá ṣọ́ra, ojú ọmọ inú Minecraft ni mo fi ń wò ó: ẹṣin kẹta ló ba nǹkan jẹ́, ká yọ ọ́ kúrò, kí ọmọ lè rí bí a ṣe fẹ́. Láyé ẹran, òótọ́ ni. Àbúrò mi ń fẹ́ wàrà, ó ń fẹ́ ẹran, ó ń fẹ́ kí ewúrẹ́ bí méjì-méjì. Ohun tó bá kọjá ìfẹ́ rẹ̀ nínú ewúrẹ́, òfò ni. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ èèyàn, ohun tó kọjá ìfẹ́ bàbá àti ìyá yẹn gan-an ni ọmọ náà. Orí tó kúnlẹ̀ yàn nìyẹn. Yọ ọ́ kúrò, o ti yọ ẹni náà kúrò, ó ku ìwọ àti ìyàwó rẹ tí ẹ ń wo ara yín nínú dígí. Ẹ̀yin olórìṣà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí ọlọ́mọ dúdú méjì bá bí àfín, ẹni tó ń sin ẹran á ní nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí ìran. Àwa ní ẹni òrìṣà dé. Ọbàtálá ló mọ ọ́n bó ṣe fẹ́.

Ṣé ká wá máa da ẹyọ lọ láìbéèrè ni? Rárá. Ohun tí mo rò nìyí, mo sì rò ó pẹ́. Babaláwo lè sọ pé òun ò ní dá Ifá lónìí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ lè má yá, ọjọ́ lè má dáa, ó lè mọ ohun kan tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n bó bá ti ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ tí Odù sì hù, kò gbọdọ̀ wo Odù náà kí ó ní eléyìí ò wu òun, kí ó gbá a mọ́ kí ó tún un jù. Odù tó hù ti dé. A ń kí i ni. Àwọn méjì tó jẹ́ AS lè ní àwọn ò ní da ẹyọ. Mo lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dà á. Ọmọ tó ti dé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti bi í pé kí ló wá ṣe. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn òbí, ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọ́n fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ ti ẹni tó lórí. Àṣìṣe mi lọ́jọ́ ọdún Ifá ni pé mo fi ẹnu kan sọ méjèèjì.

Ibì kan wà tí èyí ò ràn mí lọ́wọ́ dé. Àwọn dókítà ti lè mú ohun tí yóò di ọmọ, kí wọ́n tó fi sínú ilé ọmọ rárá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n mú èyí tí kì í ṣe SS. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ó wà. Ṣé àìdá Ifá nìyẹn, àbí dídá a tán ká tún un dá? Mo ti bi àwọn awo méjì tó jù mí lọ. Ọ̀kan ní Odù ò tíì hù nígbà yẹn, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣì wà lófuurufú. Ìkejì ní ó ti balẹ̀. Bó bá jẹ́ lórí SS nìkan, mo rò pé mo wà lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mo tún ń rántí àwọn ẹṣin mọ́kànlá orí fóònù yẹn. Ẹni tó yan nítorí ìrora lónìí, ta ni yóò dá a dúró bó bá fẹ́ yan nítorí gíga lọ́la, tàbí nítorí àwọ̀?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ àbúrò mi àti ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fúnra wọn wá. Ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n, wọ́n dé pẹ̀lú eruku. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo kó ẹyọ méjì sílẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín. Mo sọ ìtàn Afùwàpẹ́. Mo sọ ti Málọmọ́, ohun tí n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí wọ́n bá yà, wọn ò ṣẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ra tí wọn ò sì bímọ láti inú ara wọn, wọn ò ṣẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún lọ bá àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn ní ọsibítù sọ̀rọ̀, torí ohun tí wọ́n mọ̀ ju tèmi lọ.

Ọmọ àbúrò mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ ṣé sà. Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ ọmọ. Dádì sọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀ ọmọ. Gbogbo yín ń jà fún ọmọ tí mi ò tíì bí. Èmi tí wọ́n ti bí ńkọ́?"

N kò rí èsì fọ̀ sí i. Òótọ́ ni pé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti wá, tí mo dá Ifá, tí mo ronú títí ilẹ̀ fi mọ́, n kò bi í léèrè ohun tí òun fẹ́. Mo ní kí ó jókòó dáadáa kí ó sọ fún mi. Ó sọ ọ́. N kò ní kọ ọ́ síbí, tirẹ̀ ni. Wọn ò tíì mú ọjọ́, wọn ò sì tíì yà. Bàbá rẹ̀ ń pè mí lójoojúmọ́.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Mo rò pé kò gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ tán, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ọ̀yọ́, èmi ńkọ́? Kí ni tèmi?" Mo ní n kò mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé a jọ lọ sí lábù. Nígbà tí obìnrin náà fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, ó bi í pé ṣé lóòótọ́ ni ẹyọ méjì wà níbẹ̀. Obìnrin náà wò mí. Ó ní kí ó na apá rẹ̀, kí ó má wo abẹ́rẹ́ náà.